Àmì Mẹ́ta Lára Páìpù Alápatà

Ọwọ́ tí mo fi ń kọ ìtàn yìí pé. Ìka márùn-ún ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ, nítorí ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fọ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi, ìṣojú mi ni wọ́n sì ti fọ́ ọ.

Púlọ́mbà ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá páìpù jìjàkadì. Èmi àti àbúrò ìyàwó mi la jọ ń ṣiṣẹ́. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bó bá sì gbé iná sí páìpù bàbà, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí ló máa ń ṣe é. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ó ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń mú ohun èlò: páìpù, fáàfù, oríkèé páìpù, gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ idẹ.

Àṣà kan wà tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀ láàárín wa. Ẹni tó bá so oríkèé kan, kó fi fáìlì tí a fi ń họ irin fa àmì tirẹ̀ sí i lára. Ìlà kan gbọọrọ ni tèmi. Ìlà kéékèèké mẹ́ta ni ti Jẹ́jẹ́. Mo máa ń wí fún un pé, "Iṣẹ́ tí o kò bá lè fi àmì rẹ sí, má ṣe é." Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́ o.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ilé Alápatà.

Ilé àtijọ́ ni, alájà méjì, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Hítà tó ń se omi wà nísàlẹ̀, nínú yàrá kótópó kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Balùwẹ̀ wà lókè, ní ìpẹ̀kun ilé lọ́hùn-ún. Kí omi gbígbóná tó rìn débẹ̀, omi tútù á ti ṣàn dànù fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Alápatà á ti ìsọ̀ ẹran dé, ọ̀rá á bò ó lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá, omi tútù kì í sì í ṣí ọ̀rá. Á dúró nídìí ẹ̀rọ omi, á máa ṣépè. Bó bá yá, á da ẹ̀ṣẹ́ bo ògiri.

Ìyàwó rẹ̀ ṣí kàlẹ́ńdà kan kúrò lára ògiri, ó fi ihò mẹ́ta hàn mí.

"Púlọ́mbà, ẹ bá wa ṣe é o," ó ní. "Lónìí, ògiri ni. Ta ló mọ ti ọ̀la?"

Ìyá Alápatà náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Màmá Àgbà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Orúnkún rẹ̀ kò gbé e dúró pẹ́ mọ́, orí àpótí kékeré ló máa ń jókòó sí lábẹ́ ṣáwà kí omi gbígbóná máa dà sí i lẹ́yìn. Ó sọ fún mi pé ìgbádùn kan ṣoṣo tó kù fún òun láyé nìyẹn.

Iṣẹ́ náà kò le. A ó fa páìpù kan láti balùwẹ̀ òkè padà wá sí ìdí hítà, a ó sì fi pọ́ǹpù kékeré kan sí i tí yóò máa ti omi. Omi gbígbóná á máa yí ilé ká bí ọlọ́dẹ, ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ, gbígbóná ni yóò bá lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáàfù idẹ kan wà tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó ń jẹ́ kí omi gba ọ̀nà kan lọ, tí kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Má-padà là ń pè é láàárín ara wa. Bí kò bá sí Má-padà lórí páìpù yẹn, omi tútù á gba ẹ̀yìn wọlé, á lọ pàdé gbígbóná lókè, gbogbo rẹ̀ á wá di omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a ó parí iṣẹ́, èmi àti ìyàwó mi jà.

"Dádì wọn," ó ní, "ẹ ka ohun tí ẹ ó lò kí ẹ tó jáde. Ẹ má tún sáré padà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù bí ọmọ tó gbàgbé ìwé sílé."

Ọ̀rọ̀ yìí kò tó ìjà, àbí ó tó? Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló gún mi.

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?" ni mo ní. "Kí ìwọ tó mọ ohun tó ń jẹ́ fáàfù ni mo ti ń so páìpù. Bí mo bá padà wá tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ lónìí, kí n má jẹ́ ọkọ rẹ mọ́!"

Mo la ife tíì tó wà lọ́wọ́ mi mọ́lẹ̀. Ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìyàwó mi mú ìgbálẹ̀.

Ní ọ̀sán, Jẹ́jẹ́ wà lókè, ó ń di ògiri tí a tú. Èmi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn nídìí hítà, oríkèé kan ṣoṣo ló kù. Mo mú Má-padà jáde nínú àpò. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò ṣí. Irin inú rẹ̀ ti há. Mo gbá a mọ́ ilẹ̀ kó lè tú, ó sì sán.

Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo dìde. Mo tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Mo wá rí i lọ́kàn mi bí yóò ṣe gbé ojú sókè láti ẹ̀yìn kàǹtà. Kò ní sọ̀rọ̀. Á kàn mú Má-padà mìíràn lé kàǹtà, á sì máa wò mí. Mo ní, láéláé. Ẹni tó ti fi jíjẹ́ ọkọ búra láàárọ̀ kì í lọ tọrọ nǹkan lọ́sàn-án.

Mo padà jókòó. Mo ní, "Ọjọ́ Ajé ni n ó wá fi í sí i. Ta ni yóò mọ̀?"

Mo gé páìpù lásán, mo fi dí àyè Má-padà, mo so ó pa. Mo mú fáìlì kí n fa ìlà mi sí i. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo fi oríkèé náà sílẹ̀ láìní àmì.

Jẹ́jẹ́ ké láti òkè: "Ẹ̀gbọ́n! Ṣé Má-padà ti wọlé?"

"Ó ti wọlé!"

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó dùn lẹ́nu, ó yọ̀ bí ọṣẹ.

Ọjọ́ Ajé dé, ó kọjá. Òmíràn náà dé, ó tún kọjá. Iṣẹ́ mìíràn wọlé, mo gbàgbé, tàbí kí n sọ pé mo mú ara mi gbàgbé.

Nígbà tó di oṣù kejì, Alápatà ránṣẹ́ pè mí sí ìsọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe débẹ̀, ó gbé àáké tó fi ń la egungun sókè, ó sán an mọ́ igi ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ̀rún egungun ta sí mi lójú.

"Omi yín kò gbóná, kò tutù!" ó ní. "Ṣé èmi lẹ fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́? Màmá mi ń gbọ̀n nínú balùwẹ̀!"

Mo nu ojú mi. Mo ní kò sí wàhálà, n ó lọ wò ó.

Jẹ́jẹ́ fẹ́ tẹ̀lé mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tú ìdí hítà yẹn wò. Ó jọ pé omi tútù ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ṣé Má-padà yẹn kò há?"

"Èmi ni mo fi í sí i. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ kì í bá àgbà jiyàn.

Èmi nìkan ni mo lọ. Kàkà kí n tú oríkèé náà, mo yí iná hítà sókè. Mo yí i títí dé ibi tí kò lè yí mọ́. Mo lọ ṣí ẹ̀rọ òkè, omi gbóná dáadáa. Màmá Àgbà gbàdúrà fún mi, ó ní ọwọ́ mi kò ní í rọ. Mo ṣe àmín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún yín, kí ó yé yín. Bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá ń lo omi lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé yẹn, omi tútù á gba ẹ̀yìn wọlé, á bu gbígbóná là, kò ní séwu. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé bá dákẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo sì ṣí ẹ̀rọ, ohun tí pọ́ǹpù yóò gbé dé ibẹ̀ kì í ṣe omi ìwẹ̀ mọ́. Omi tí wọ́n fi ń hú ìyẹ́ adìyẹ ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Púlọ́mbà wo ni kò mọ̀ ọ́n?

Oṣù mẹ́rin pé tí a ti parí iṣẹ́. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Ìyàwó Alápatà ni. Igbe ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Màmá ti jóná! Púlọ́mbà, omi yín ti se Màmá!"

Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, Alápatà ti gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Mo gòkè. Oru omi ṣì kún balùwẹ̀. Àpótí kékeré náà ti dojú dé. Orúnkún Màmá Àgbà kò jẹ́ kó lè tètè dìde, omi náà sì dà sí i lẹ́yìn àti nítan títí tí wọ́n fi gbọ́ igbe rẹ̀. Awọ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí àpótí náà bí èèpo àlùbọ́sà.

"Ẹ lọ pa omi náà!" ìyàwó Alápatà ń pariwo. "Ẹ lọ pa á kó tó pa wá tán!"

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo pa iná. Mo yí bọ́tìnì hítà padà wálẹ̀ kíákíá. Mo wá gbé iná fóònù mi sókè, mo sì rí oríkèé náà. Kò ní àmì lára. Lápá òsì rẹ̀, oríkèé tó ní ìlà mi kan. Lápá ọ̀tún rẹ̀, oríkèé tó ní ìlà mẹ́ta ti Jẹ́jẹ́. Òun ló wà láàárín.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo fẹ́ sọ pé Èṣù ló tì mí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi nìkan ni, mo ń ro bí àáké yẹn ṣe sán mọ́ igi. Mo ní Jẹ́jẹ́ kò ní ìyàwó, kò lọ́mọ. Mo ní ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, wọn ò ní lè lù ú. Mo ní tí wọ́n bá bú u, n ó bá a bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ lọ́kàn mi.

Mo mú fáìlì. Mo fa ìlà kéékèèké mẹ́ta sí i lára. Ọwọ́ mi tó kọ̀ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn kò kọ̀ mọ́.

Kò pẹ́ sí i, Alápatà wọlé. Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá mi lọ́rùn mú, ó gbá orí mi mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó tún un gbá. Mo rí ìràwọ̀ ní ojúmọmọ.

"Ta ló ṣe é nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Itọ́ rẹ̀ ń ta sí mi lójú. "Sọ̀rọ̀ kí n tó kun ẹ́ bí ẹran!"

"Ọ̀gá," mo ní, bẹ́ẹ̀ ni èémí mi ń há, "olúkúlùkù wa ló ní àmì. Ẹ wo àmì."

Ó jù mí sílẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó wò ó.

"Mẹ́ta. Ta ló ni mẹ́ta?"

Ojú ni mo gbé sókè, mo wo ẹnu ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ dúró síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, akoto alùpùpù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "Màmá ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Màmá ló béèrè.

Alápatà fa á wọlé bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ̀gùn, ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Sípánà ńlá tèmi wà nílẹ̀, lẹ́nu àpò mi. Òun ló mú.

Ẹ̀ẹ̀kíní, mo gbọ́ bí egungun ṣe ń dún. Bí igi gbígbẹ ló dún. Jẹ́jẹ́ kò tilẹ̀ ké, ẹnu ló yà.

"Ọ̀gá, kì í ṣe èmi," ó ní. "Kì í ṣe èmi ni mo so ó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un."

Ẹ̀ẹ̀kejì. Ó ké lọ́tẹ̀ yìí. Láti ọdún mẹ́wàá tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, n kò mọ̀ pé ó ní ohùn tó tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ sọ fún un!"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Alápatà. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ohun tí mo sọ nìyí, n kò sì ní gbàgbé rẹ̀ títí n ó fi kú: "Ọ̀gá, ẹ forí jì í. Àṣìṣe ni. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Jẹ́jẹ́ yí ojú sí mi. Ó wá yí ojú sí páìpù, ó rí ìlà mẹ́ta náà. Ó wò ó, ó tún wò mí. Kò bẹ̀bẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Sípánà bà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyàwó Alápatà ló fò mọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó fi eyín bù ú lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, kó tó jù ú sílẹ̀.

Ìka mẹ́ta ló fọ́. Dókítà ní wọn ò ní tọ́ mọ́.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé Jẹ́jẹ́ ló gbàgbé Má-padà. Ó kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Mo ní kó lọ bi í. Ó lọ, ó sì bi í, Jẹ́jẹ́ kọ ojú sí ògiri ọsibítù, kò dá a lóhùn. Obìnrin náà wá gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ̀rù ń bà á kí Alápatà má tún padà wá pa àbúrò rẹ̀. Mo ní, "Lọ bẹ̀ ẹ́." Èmi ni mo tẹ̀lé e lọ. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ màlúù nínú ìsọ̀ ẹran, ó ń bẹ ẹni tó fọ́ ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Ọjọ́ keje, àṣírí tú.

Ọ̀sán gangan ni. Oníbàárà mẹ́ta wà ní ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́jẹ́ náà ti kúrò ní ọsibítù, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lórí àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n ti fi nǹkan funfun líle di ọwọ́ rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò bú mi. Èmi ń to páìpù sórí pẹpẹ wọn.

Alápatà wọlé. Ó ti fi ayùn gé ibi tó bàjẹ́ nínú páìpù ìdí hítà rẹ̀ kúrò, ó gùn tó apá, oríkèé mẹ́ta wà lára rẹ̀. Ó jù ú sórí kàǹtà gbàgà.

"Ìwọ tó o wá kúnlẹ̀ fún mi," ó sọ fún ìyàwó mi, "wo iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò rẹ! Ìyá mi kò lè dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn. Ikùn ló fi ń sùn! Kí gbogbo ayé wá wò ó!"

Ìyàwó mi mú páìpù náà. Ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀.

Ẹ rántí pé idẹ lobìnrin yìí ń tà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń fi aṣọ nu wọ́n kí wọ́n lè máa dán lójú oníbàárà. Bí idẹ bá wà nínú ooru àti ọ̀rinrin fún oṣù kan péré, ó mọ bó ṣe ń pọ́n, tó sì ń dúdú.

"Dádì wọn," ó ní, "ìgbà wo ni Jẹ́jẹ́ fa àmì yìí?"

"Ọjọ́ tí a parí iṣẹ́ ni."

"Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn?"

"Ẹ̀ẹ́n."

"Èyí ńkọ́?" Ó fi ìka kan ìlà tèmi lápá òsì. Ó ti dúdú bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì.

"Ọjọ́ kan náà."

"Àti mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún yìí?" Ìyẹn náà ti dúdú.

"Ọjọ́ kan náà ni. Kí ló dé?"

Ó na ọwọ́, ó mú fáìlì lára ògiri. Ó fa ìlà kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta àárín. Ó wá gbé e síwájú gbogbo wa. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán yanran bí ọmọ ìyá.

Alápatà ló tẹ orí ba, ó wò ó. Kì í ṣe púlọ́mbà, ṣùgbọ́n alápatà ni, ó mọ ojú ọgbẹ́ òní yàtọ̀ sí ti oṣù mẹ́rin.

"Èyí kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ìyàwó mi wí. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ."

Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti fẹ́ ẹ. Kò pè mí ní ìwọ rí.

"Ìwọ lo ní kí n lọ kúnlẹ̀! O dúró lẹ́yìn mi! O ń wò mí tí mò ń bẹ ẹni tó fọ́ ọwọ́ àbúrò mi, o sì mọ̀!"

Ó fi páìpù náà gbá mi níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú mi. Kí n tó nu ún, Alápatà ti fo kàǹtà. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ yọ eyín mi méjì. Ó gbé mi, ó là mí mọ́ pẹpẹ páìpù, gbogbo rẹ̀ wó lù mí. Ó jókòó lé mi láyà, ó ń lù mí, ó sì ń sunkún. Ẹ gbọ́ mi, ọkùnrin yẹn ń sunkún bí ọmọdé.

"O fi ọwọ́ mi ṣe ìkà!" ló ń wí. "Ẹni tí kò ṣẹ̀ mí! O fi ọwọ́ mi fọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ mí!"

Àwọn oníbàárà kò là á. Ìyàwó mi kò là á. Mo gbọ́ nígbà tí egungun ìhà mi dún, mo sì mọ irú ìró náà, mo ti gbọ́ ọ rí.

"Ó tó."

Jẹ́jẹ́ ni. Ó na ọwọ́ dídì rẹ̀ sáàárín èmi àti ẹ̀ṣẹ́ Alápatà. Alápatà rí ọwọ́ náà, ó sì dúró. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí mi, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ di ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ mú. Jẹ́jẹ́ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Ìyàwó mi ní, "Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà, Àǹtí mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ilé yín ni mo rò. Ọwọ́ mi ti fọ́ ná. Mo ní kí ilé yín má tún fọ́ mọ́ ọn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, wọ́n ti lù mí dáadáa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, n kì í lè jẹun.

Bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ padà sílé lọ mú òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìyàwó gún yín. Ẹnu ìyàwó kì í fọ́ egungun. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo kọ̀ tí n kò rìn.

Nígbà tí ara mi yá, mo lọ tún iṣẹ́ náà ṣe. Mo fi Má-padà sí i, mo dín iná hítà kù, mo yẹ̀ ẹ́ wò nígbà mẹ́fà. Wọ́n ti gbé Màmá Àgbà wálé. Mo ṣí ẹ̀rọ níwájú rẹ̀, omi gbígbóná dé kí n tó kà dé mẹ́ta, ó sì rọra lọ́ bó ṣe yẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ fi ọwọ́ kàn án."

Ó wo omi náà. "Pa á, ọmọ mi," ó ní. "Tútù ni mo fi ń wẹ̀ báyìí."

Ìyàwó mi kò kọ̀ mí. Ó ṣì ń gbọ́únjẹ fún mi. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, ó máa ń gbé Má-padà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì mi kí n tó jáde. Kì í sọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀. Mo ti lo ọ̀pọ̀ níbi iṣẹ́, síbẹ̀ ogójì ló kù nínú àpò mi báyìí, mi ò sì jẹ́ wí fún un pé ó ti tó.

Jẹ́jẹ́ kò bá mi ṣiṣẹ́ mọ́. Mo gbọ́ pé ó fi ọwọ́ òsì kọ́ iṣẹ́ tuntun, pé ó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan pè mí wá fi ẹ̀rọ kan kún ti ilé rẹ̀. Mo ṣí ìdí hítà, mo rí iṣẹ́ kan tó mọ́ tónítóní. Àmì wà lára oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ìlà kéékèèké mẹ́rin ni, wọ́n wọ́ díẹ̀ bí ìlà ọlọ́wọ́ òsì.

"Ta ló ṣe é fún yín?" ni mo bi onílé.

"Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí ni. Mo bi í pé àmì kí ni mẹ́rin yìí. Ó ní mẹ́ta ni òun ní tẹ́lẹ̀, ẹnì kan jí i lò. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló fi ìkẹrin kún un, ìyẹn ló yọ òun."

"Ṣé ó sọ ẹni tó jí i?"

"Mo bi í. Ó ní ẹni náà mọ ara rẹ̀." Onílé rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin púlọ́mbà yìí, ọ̀rọ̀ yín pọ̀."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo so oríkèé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Jẹ́jẹ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún un yẹ̀ wò. Mo mú fáìlì, mo fa ìlà mi kan ṣoṣo sí i, mo sì kó irinṣẹ́ mi lọ sílé.